Olùkọ́ 60 lọ sókè òkun lówó ìjọba: kí la fẹ́ fi mọ̀ pé ìrìn àjò náà so èso?

Adùnní_Olùtọ́pa

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Iṣẹ́ kan wà nílẹ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí. Ètò pàṣípààrọ̀ kan ni, ìjọba ló ń sanwó rẹ̀. Olùkọ́ èdè 60 ló ń lọ lọ́dọọdún. Wọ́n á lo oṣù 9 ní yunifásítì òkè òkun, wọ́n á máa kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ lédè wa, àwọn náà á sì máa gba ẹ̀kọ́ lórí iṣẹ́ olùkọ́. Ó fara jọ FLTA, ẹ̀ka olùkọ́ èdè nínú Fulbright, ètò pàṣípààrọ̀ ìjọba Amẹ́ríkà, èyí tó ń mú àwọn olùkọ́ Yorùbá, Haúsá àti Ìgbò lọ sí Amẹ́ríkà.

Ìròyìn ọdọọdún tí wọ́n ń kọ kò ju ojú ewé mẹ́rin lọ: iye ẹni tó lọ, iye ẹni tó padà, iye ẹni tó ní òun gbádùn ẹ̀, àti fọ́tò rẹpẹtẹ. Àwọn tó ń fọwọ́ sí owó ti wá ń béèrè pé kí ni èrè rẹ̀. Kí ló yẹ ká wọ̀n? Ta la máa fi wọ́n wé? Ìgbà wo ló sì yẹ ká wọ̀n ọ́n?

Bàbá_Ìṣirò

Ẹ kú làálàá, Adùnní. Ẹ kọ́kọ́ ya nǹkan mẹ́rin sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìròyìn ti máa ń da omi pọ̀ mọ́ epo: bí ètò náà ṣe rí lára àwọn tó lọ; ohun tí wọ́n kọ́; ohun tí wọ́n wá ń ṣe yàtọ̀ nígbà tí wọ́n padà dé kíláàsì; àti ohun tó yí padà lára àwọn ọmọ tí wọ́n ń kọ́. Donald Kirkpatrick ló gbé ìpele mẹ́rin yìí jáde ní 1959 fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ òṣìṣẹ́, ó sì bá ọ̀rọ̀ yín mu rẹ́gí. Ìròyìn tó wà lọ́wọ́ yín kò kúrò ní ìpele kìíní. Ẹni tí wọ́n ra tíkẹ́ẹ̀tì fún, tí wọ́n fún nílé, tó ń gba owó oṣooṣù, ẹ wá bi í bóyá ó gbádùn. Ẹnu tó ti jẹ dòdò kò lè sọ òdodo.

Ìdẹkùn kejì ni kíka àwọn ìràwọ̀. Láti 1946 tí wọ́n ti dá Fulbright sílẹ̀, ó lé ní 60 nínú àwọn tó gba inú ẹ̀ kọjá tó ti gba ẹ̀bùn Nobel. Òótọ́ ni, ó sì wuyì nínú ọ̀rọ̀ ìkíni káàbọ̀, àmọ́ kì í ṣe ìgbéléwọ̀n. Ẹni tó ti ń tàn tẹ́lẹ̀ ni ètò náà ń wá kiri. Ọmọ tí yóò jẹ́ àṣàmú, kékeré ló ti ń ṣẹnu ṣámúṣámú. Ẹ ò lè wá sọ pé ọkọ̀ òfuurufú ló sọ ọ́ di àṣàmú. Ohun tí ẹ ń wá ni ìyàtọ̀ tí ìrìn àjò náà fà, ó yàtọ̀ sí bí àwọn tí ẹ mú ṣe mọṣẹ́ tó.

Ọmọ_Arìnrìnàjò

Ẹ̀gbọ́n ti sọ ojú abẹ níkòó. Èmi fẹ́ mú "iye ẹni tó padà" yẹn. Ẹ má kà á mọ́ èrè rárá. Ẹni tí owó ìjọba gbé lọ sí Amẹ́ríkà lórí físà pàṣípààrọ̀ tí wọ́n ń pè ní J-1 wà lábẹ́ abala 212(e) nínú òfin ìwọ̀lú wọn: ó gbọ́dọ̀ lo àpapọ̀ ọdún méjì nílé kó tó lè gba físà iṣẹ́ H-1B tàbí ìwé ìgbélùú, àfi tí wọ́n bá yọ̀ǹda rẹ̀. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ Chevening ti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì náà fi ọdún méjì nílé ṣe àdéhùn. Tí ìròyìn bá wá ń yangàn pé ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún ló padà, bí òfin ṣe múná tó ni ó wọ̀n. Àwọn àgbà ní àjò kì í dùn kí onílé má relé, àmọ́ òfin ló rán àwọn wọ̀nyí wálé.

Ẹ fi ọjọ́ ìwọ̀n sí oṣù 6, oṣù 18 àti oṣù 36 lẹ́yìn tí wọ́n bá padà. Oṣù 36 yẹn ni òkodoro, torí ilẹ̀kùn ti ṣí fún ọdún kan gbáko nígbà náà, ẹni tó bá sì ṣì ń kọ́ni, ìfẹ́ inú ẹ̀ ló fi ń ṣe é. Kí ẹ tó rí dátà kankan ni kí ẹ ti kọ ẹ̀ka sílẹ̀: ó wà ní ilé-ìwé tó ti lọ, ó lọ sí ilé-ìwé mìíràn, ó wà ní ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́, ó ti fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀, ó ti lọ sókè òkun. Tí ẹ bá dúró di ìgbà tí dátà dé, ẹnì kan á ní kí ẹ ka ẹni tó ń ta káàdì ìpè mọ́ àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ẹ̀kọ́ torí ó ń kọ́ ọmọ àdúgbò lẹ́sìnnì lálẹ́. Ẹ̀ka "ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́" sì ṣe pàtàkì. Olùkọ́ kan tó bọ́ sí ibi tí wọ́n ti ń kọ kọ̀ríkúlọ́ọ̀mù kì í ṣe àdánù, ipa ẹ̀ lè ju ti ẹni tó dúró sí kíláàsì lọ.

Adùnní_Olùtọ́pa

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Tó bá yé mi, a nílò àwọn mìíràn tí kò lọ. Ṣé ká kàn mú olùkọ́ tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ní ilé-ìwé kan náà?

Bàbá_Ìṣirò

Rárá o. Olùkọ́ tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò kọ̀wé béèrè. Ẹni tó kọ̀wé tí ẹni kejì kò sì kọ, ìtara wọn ti yàtọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó wọ ọkọ̀.

Àwọn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ wọlé ni kí ẹ wá. Ká ní máàkì 70 ni ẹ fi gé e. Ẹni tó gba 71 àti ẹni tó gba 69, kí ló wà láàárín wọn ju pé ọ̀kan nínú àwọn tó fọ̀rọ̀ wá wọn lẹ́nu wò jẹun àárọ̀ dáadáa? Ẹ mú àwọn tó wà láàárín 70 sí 74 fi wé àwọn tó wà láàárín 65 sí 69. Lọ́dún kan ṣoṣo, ẹ lè má rí ju èèyàn 15 lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan, nítorí náà ẹ máa kó wọn jọ fún ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin.

Ibi tó ti máa ń dàrú nìyí. Tí àyè bá jẹ́ pínpín láàárín ìpínlẹ̀ tàbí ẹkùn, máàkì tí wọ́n fi gé e nínú ẹkùn kan kò ní jẹ́ ti èkejì. 62 lè wọlé níbì kan kí 73 já sílẹ̀ níbòmíràn. Ẹ má lo 70 fún gbogbo wọn. Ẹ yọ máàkì ìgé ẹkùn oníkálùkù kúrò nínú máàkì rẹ̀, kí ẹ fi ohun tó ṣẹ́ kù ṣiṣẹ́. Èkejì, ẹ wò ó bóyá àwọn tó gba 70 géérégé pọ̀ jù, tí 68 àti 69 sì ṣófo. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, wọ́n ti mú orúkọ kí wọ́n tó kọ máàkì, ìfiwéra yẹn ti bàjẹ́ nìyẹn. Máàkì tí olùfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò kọ̀ọ̀kan kọ́kọ́ fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ni kí ẹ tọ́jú, kí wọ́n tó jókòó papọ̀ jíròrò. Ẹ̀kẹta, ẹni tó já lọ́dún yìí lè tún kọ̀wé lọ́dún tó ń bọ̀ kó sì wọlé. Ẹ fi í sí ẹgbẹ́ tó bọ́ sí nígbà àkọ́kọ́ tó kọ̀wé, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó lọ lẹ́yìn náà.

Kí gbogbo èyí tó ṣeé ṣe, ìlà ìgbàyọ̀ǹda kan gbọ́dọ̀ wà nínú fọ́ọ̀mù ìforúkọsílẹ̀ pé "bí a kò bá tilẹ̀ mú mi, ẹ lè pè mí lọ́jọ́ iwájú fún ìwádìí". Láìsí ìlà yẹn, ẹ ò lẹ́tọ̀ọ́ láti máa pe ẹni tí ẹ já sílẹ̀. Ẹ fún wọn ní owó ìpè díẹ̀ fún àkókò wọn. Ẹni tí kò rí ìrìn àjò jẹ kì í bá ẹni dáhùn ìbéèrè 40 lọ́fẹ̀ẹ́.

Ìyá_Fọ́ọ̀mù

Ẹ jẹ́ kí n dá sí ti ìbéèrè fúnra rẹ̀, torí ìṣirò tó dáa kò lè tún dátà tó bàjẹ́ ṣe.

Ọ̀pọ̀ ètò ló máa ń bi olùkọ́ kí ó tó lọ pé "láti 1 dé 5, báwo lo ṣe mọ ọ̀nà ìkọ́ni tó?" Á ní 4. Tó bá dé, wọ́n á tún bi í, á ní 3. Ṣé ó gbàgbé iṣẹ́ ni? Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá mọ bí iṣẹ́ náà ṣe fẹ̀ tó ni. Ìwọ̀n tó ń lò nínú orí ẹ̀ ti yí padà. Nígbà tó bá dé, ẹ bi í ní ìbéèrè méjì lẹ́ẹ̀kan náà: "báwo lo ṣe mọ̀ ọ́n tó báyìí?" àti "bó o ṣe wá rí i lónìí, báwo lo ṣe mọ̀ ọ́n tó kó o tó lọ?" Ìyẹn náà ní àbùkù tiẹ̀, torí ẹni tó ti gba ẹ̀bùn á fẹ́ bu ẹni àná kù kí ti òní lè ga. Nítorí náà ẹ má gbára lé ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan.

Ẹ wo iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Ẹ ká fídíò kíláàsì ìṣẹ́jú 40 kí wọ́n tó lọ, kí ẹ sì ká òmíràn ní oṣù 6 tí wọ́n padà. Ẹ fún àwọn olùdíwọ̀n méjì ní fídíò náà láì sọ èyí tó jẹ́ ti àkọ́kọ́ fún wọn. Ẹ fún wọn ní nǹkan tó ṣeé kà: ìṣẹ́jú mélòó ni olùkọ́ fi sọ̀rọ̀, mélòó ni àwọn ọmọ fi sọ̀rọ̀, ìgbà mélòó ni ó béèrè ohun tó ju "ṣé ó yé yín?" lọ. Tí iye tí àwọn méjèèjì kà bá jìnnà síra, ẹ tún òfin kíkà kọ, ẹ má kàn pín in sí méjì.

Fún àwọn ọmọ, ìpè kíkọ dára tó sì rọrùn: ọ̀rọ̀ 20 tí àmì ohùn nìkan ló yà wọ́n. Igba, igbá, ìgbà, ìgbá. Ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, ọ̀kọ̀. Ẹ fi sínú gbólóhùn kúkúrú, kí ọmọ kọ ọ́ pẹ̀lú àmì. Ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ pè é, tàbí ohùn tí ẹ ti gbà sórí fóònù, torí olùkọ́ tó bá ń pè é fún kíláàsì tirẹ̀ á máa fi orí júwe ohùn òkè fún wọn.

Àsìkò ìbéèrè àkọ́kọ́ náà ṣe kókó. Ẹ má ṣe é kí físà tó jáde. Gbogbo wọn á rò pé ìdáhùn lè gba físà lọ́wọ́ àwọn, wọ́n á sì máa pọ́n yín lé. Ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n tó gbéra ló dára, kí ó sì jẹ́ ẹni tí kò sí nínú àwọn tó yàn wọ́n ni yóò ṣe é.

Kò_Sówó_Nílẹ̀

Pẹ̀lú gbogbo ọ̀wọ̀, mà, fídíò, olùdíwọ̀n méjì, ìpè kíkọ, owó ìpè… ta ló fẹ́ sanwó ẹ̀? Èèyàn 60 ni a ń sọ o. Ẹ fi ìṣirò sílẹ̀. Ẹ mú èèyàn mẹ́jọ, ẹ lọ sí ilé-ìwé wọn, ẹ jókòó fún ọjọ́ méjì-méjì, ẹ bi ọ̀gá ilé-ìwé àti àwọn ọmọ. Ẹ máa mọ̀ ju bí Excel ṣe lè sọ fún yín lọ.

Bàbá_Ìṣirò

Ìdajì ọ̀rọ̀ yín tọ̀nà, mo sì fara mọ́ ọn. Ká ní 60 ló lọ tí 60 kò sì lọ. Pẹ̀lú òdiwọ̀n tí gbogbo ayé ń lò, ìyẹn àyè ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún láti ṣàṣìṣe pé ìyàtọ̀ wà níbi tí kò sí, àti àǹfààní ìdá 80 láti rí ìyàtọ̀ tó bá wà lóòótọ́, ẹ nílò nǹkan bí èèyàn 64 lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó lè rí ìyàtọ̀ tó tó ìdajì ìyàpá máàkì (ìyẹn bí máàkì àwọn èèyàn ṣe sábà ń jìnnà sí àárín). Ìyàtọ̀ ńlá nìyẹn. Tí ipa ètò náà bá jẹ́ ìdá 3 nínú 10 ìyàpá náà, ẹ ó nílò nǹkan bí 175 lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan. Fún ọdún kan ṣoṣo, ìṣirò lè sọ fún yín pé "a ò rí nǹkan kan" nígbà tí nǹkan wà níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ kó ọdún mẹ́ta jọ.

Ibi tí mi ò bá yín lọ ni yíyan àwọn mẹ́jọ. Ta ló máa yàn wọ́n? Tó bá jẹ́ ọ́fíìsì ètò náà, àwọn mẹ́jọ tó ní fọ́tò tó dáa jù ni yóò mú. Ẹ fi orúkọ sínú àwo kí ẹ mú mẹ́rin láìwòran, kí ẹ wá mọ̀ọ́mọ̀ fi méjì kún un nínú àwọn tó ti fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀, àti méjì nínú àwọn tí kò dá ìméèlì yín lóhùn.

Kò_Sówó_Nílẹ̀

Ti àwo yẹn dùn mọ́ mi. Mo gbà.

Ìyá_Fọ́ọ̀mù

Níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀gbọ́n ti dárúkọ àwọn tí kò dáhùn, ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Ká ní èèyàn 300 ló ti gba inú ètò náà kọjá. 90 dáhùn, 72 nínú wọn ní wọ́n ti gbé àwọn ga lẹ́nu iṣẹ́. Ìròyìn á kọ "ìdá 80". Àmọ́ tí kò bá sí ẹnì kankan tí wọ́n gbé ga nínú 210 tó dákẹ́, ìdá 24 ni. Tó bá jẹ́ gbogbo wọn ni wọ́n gbé ga, ìdá 94 ni. Láàárín 24 àti 94 ni òótọ́ wà, ẹ ò sì mọ ibi tó wà. Àwọn tí nǹkan ń ṣẹnuure fún ló sì máa ń yára dá ẹni lóhùn.

Ẹ mú 30 láìwòran nínú 210 yẹn, kí ẹ fi agbára wá wọn: ìpè, WhatsApp, ilé-ìwé wọn, ẹ ránṣẹ́ sí wọn. Ìdáhùn 25 láti inú àwọn 30 yìí níye lórí ju 60 mìíràn tó kàn fínnúfíndọ̀ dáhùn lọ. Kí wọ́n tó gbéra rárá, ẹ gba nọ́ńbà tiwọn, nọ́ńbà ẹbí kan, àti ìméèlì tí kì í ṣe ti ibi iṣẹ́, torí ti ibi iṣẹ́ ló máa ń kọ́kọ́ kú. Àjọ Commonwealth Scholarship ní Gẹ̀ẹ́sì ń bi àwọn tó gba owó wọn léèrè ní ọdún méjì-méjì títí di ọdún kẹwàá. Ohun tó jẹ́ kó ṣeé ṣe ni pé wọn kì í jẹ́ kí okùn já láàárín.

Ọmọ_Arìnrìnàjò

Nǹkan méjì kù tí kò sẹ́ni tó fẹnu bà. Pàṣípààrọ̀ ni wọ́n pè é, ìhà méjì ló ní. Òfin Fulbright-Hays ti 1961 sọ ọ́ gbangba pé kí àwọn ará Amẹ́ríkà àti àwọn ará ilẹ̀ mìíràn túbọ̀ gbọ́ ara wọn yé ni ète rẹ̀. Olùkọ́ FLTA lè kọ́ni tó wákàtí 20 lọ́sẹ̀ níbẹ̀. Àwọn tó kọ́ ńkọ́? Ẹ bi yunifásítì tó gbà wọ́n: ẹni mélòó ló forúkọ sílẹ̀ fún Yorùbá ọdún kìíní, mélòó ló padà wá fún ọdún kejì? Ipele wo ni wọ́n dé lórí ACTFL, ìwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ bí èèyàn ṣe gbọ́ èdè tó ní Amẹ́ríkà, tó bẹ̀rẹ̀ láti Novice tó sì parí sí Distinguished? Tí kíláàsì bá kú lọ́dún tí olùkọ́ kò dé, ètò náà ló gbé e ró. Ìyẹn fúnra rẹ̀ jẹ́ ẹ̀rí. Fún ètò tí àwa ló ń ránni jáde, bíi Technical Aid Corps tí Nàìjíríà dá sílẹ̀ ní 1987 nígbà tí Bọ́lájí Akínyẹmí jẹ́ mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, ìhà olùgbàlejò ni ó tilẹ̀ yẹ kó ṣáájú. Dókítà tó lo ọdún méjì ní Gambia, ilé ìwòsàn ibẹ̀ ló mọ ohun tó ṣe.

Èkejì ni ilé tí wọ́n ń padà sí. Olùkọ́ kọ́ bí a ṣe ń fi kọ̀ǹpútà kọ́ èdè, ó padà sí kíláàsì ọmọ 80 tí kò níná. Tí ẹ bá wá rí i pé kò lo ohun tó kọ́, ẹ má tíì sọ pé ètò náà kùnà. Ẹ bi í ní pàtó: kí lo gbìyànjú láti ṣe ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, ta ló dá ọ dúró, kí lo ní tàbí kí ni kò sí? Ẹ bi ọ̀gá ilé-ìwé lọ́tọ̀. Tí olùkọ́ bá ní "kò sí pírójẹ́tọ̀" tí ọ̀gá sì ní "kò sọ fún mi rí", ẹ ti rí ibi tí ó ti ń jò: lẹ́tà kan sí ọ̀gá náà kí olùkọ́ tó dé ì bá dí i.

Kò_Sówó_Nílẹ̀

Ti owó tí mo ń pariwo, ẹ jẹ́ kí n náà ṣe tèmi. Ẹ má fi iye ẹni tó lọ pín owó, ẹ fi iye ẹni tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ ẹ̀kọ́ ní oṣù 36 pín in. Ká ní dọ́là 12,000 ni ẹnì kan ń ná, 60 jẹ́ 720,000. Tí 36 bá kù lẹ́nu iṣẹ́, dọ́là 20,000 ni oníkálùkù. Iye yẹn ni àwọn tó ń fọwọ́ sí owó máa fi wé ohun mìíràn tí owó náà lè ṣe nílé. Ẹ sì ya ohun tí yunifásítì olùgbàlejò ń san sọ́tọ̀, bíi ilé àti owó ilé-ẹ̀kọ́. Ẹni tó bá dà á pọ̀ á sọ pé ìjọba ná ohun tí kò ná. Ní 2025, nígbà tí mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Túnjí Àlàúsá, kéde pé ìjọba àpapọ̀ ti dáwọ́ BEA dúró, ìyẹn ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ òkèèrè tó wà lábẹ́ àdéhùn láàárín orílẹ̀-èdè méjì, iye tí wọ́n ń ná àti pé ẹ̀kọ́ náà wà nílé ni wọ́n fi gbè é lẹ́sẹ̀. Ètò tí kò bá ní ìwé èrè tirẹ̀ lọ́wọ́ lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, ẹnu ló máa fi jà.

Adùnní_Olùtọ́pa

Ẹ ṣeun gan-an. Ìṣòro kan ló kù: àwọn ìwé máàkì ọdún tó kọjá ti pòórá. Orúkọ àwọn tó wọlé nìkan ló wà. Ṣé kò sí ohun tí a lè ṣe fún àwọn tó ti lọ?

Bàbá_Ìṣirò

Ó wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò lágbára tó tàkọ́kọ́. Ẹ fi àwọn tó padà lọ́dún tó kọjá wé àwọn tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mú tí wọn kò tíì lọ. Àwọn méjèèjì ló kọ̀wé, àwọn méjèèjì ló wọlé, ọ̀kan nìkan ló ti rin ìrìn àjò. Ẹ fi ọjọ́ orí àti ọdún lẹ́nu iṣẹ́ dọ́gba kí ẹ tó fi wọ́n wéra, kí ẹ sì rí i dájú pé ìlànà tí wọ́n fi yàn wọ́n kò yí padà láàárín ọdún méjèèjì. Kò ní ṣiṣẹ́ fún ìwọ̀n oṣù 36 ṣá o, torí àwọn tí kò tíì lọ á ti lọ nígbà náà.

Fọ́ọ̀mù ìforúkọsílẹ̀ tọdún yìí ńkọ́, ìgbà wo ni wọ́n máa tì í?

Adùnní_Olùtọ́pa

Ọjọ́ Ẹtì, sà. Mo ti ń tẹ ìlà ìgbàyọ̀ǹda yẹn sí i lọ́wọ́.